Ẹsẹ̀ Kẹta Ààrò

Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ Màmá Thắm rí, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀: "Ogun ò dé odò tiwa." Kò sí àlejò tí kì í sọ ọ́ fún. Tí àwọn tí mo kó wá láti Sài Gòn bá ti jókòó tán sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa dì mú, á ti àjẹ̀ bọ omi, á ní kí Khôi, ọmọkùnrin tó ń mú wọn kiri, túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ogun jà lókè, ó jà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé bàbá òun kọjá, ẹja àti àgbọn nìkan ló mọ̀. Ara àwọn àlejò á balẹ̀, torí láàárọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n ti rákò nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn jagunjagun gbẹ́ ní Củ Chi, tí wọ́n sì ti fojú rí oríṣiríṣi ohun tí èèyàn fi ń pa èèyàn.

Èmi ni Sanh, èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wọn. Iṣẹ́ mi ò ju pé kí n kó àlejò díẹ̀ láàárọ̀, kí n gbé wọn lọ wo ihò, kí n gbé wọn wá sí odò lọ́sàn-án, kí n sì dá wọn padà. Inú mi tètè máa ń bí, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Mi ò fẹ́ràn ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín títì bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló la ọ̀nà, mi ò sì fẹ́ràn àlejò tó ń béèrè ilé ìtọ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àmọ́ mi ò lè bínú sí Màmá Thắm. Láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mo ti ń jẹun nílé rẹ̀, tó ń pè mí ní "ọmọ mi tí kì í rẹ́rìn-ín."

Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le, eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ. Inú ilé tí wọ́n bí i sí ló ṣì ń gbé, lórí erékùṣù kan láàárín odò ńlá ní Bến Tre. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Lụa, ìyàwó ọmọ náà, ló ń bá a gbé, àti Đực, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó fẹ́ràn ọtí ìrẹsì àti orin kíkọ, tí kò sì mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì níwọ̀n. Àárín ìyá ọkọ àti ìyàwó dán mọ́rán, àfi lórí ọ̀rọ̀ èèpo àgbọn. Èèpo àgbọn gbígbẹ ni wọ́n fi ń dáná, Lụa kì í sì í rántí bò ó tí òjò bá ṣú. Mo ti gbọ́ ìjà yẹn débi pé mo lè sọ tìyá, kí n sì sọ tìyàwó.

Irin kan wà lẹ́nu àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí omi nílé yẹn. Bàbá Màmá Thắm ló fi àwọ̀n fà á jáde láti inú ẹrẹ̀, nígbà tí Màmá ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kò gùn ju láti ìgúnpá dé orí ìka, àmọ́ ó wúwo, ikùn rẹ̀ sanra, ìgbànú bàbà kan sì wà nídìí rẹ̀. Baba ní ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó rì ni. Ó so okùn mọ́ ọn, ó sọ ọ́ di ìdákọ̀ró. Nígbà tí baba kú, irin náà di ohun ìrántí. Àwọn ọmọdé máa ń jókòó lé e, Màmá máa ń pọ́n ọ̀bẹ lára rẹ̀. Tí ọdún bá ti ń parí lọ, á fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìgbànú bàbà yẹn títí á fi máa dán. Èmi alára ti la àgbọn mọ́ ọn lórí, mi ò mọye ìgbà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Sài Gòn ni Màmá Thắm ti jí. Ó wá ṣe ojú nílé ìwòsàn, ó sùn sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń kánjú àtilọ sílé torí ọjọ́ ìrántí ikú bàbá rẹ̀ ni. Ọkọ̀ mi ò kún. Khôi ní kó wá jókòó síwájú, pé tí a bá kúrò níbi ihò, ilé rẹ̀ náà la ń lọ. Báyìí ló ṣe di pé Màmá Thắm máa dé Củ Chi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

A ò tíì jáde nílùú tó fi pe Lụa lórí fóònù.

"Lụa, ṣé ẹ ti pa pẹ́pẹ́yẹ?"

"A ti pa á, Mà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti fọ́ lára ààrò ìta. Àbúrò yín Đực ló kọ lù ú."

"Ó kọ lù ú, àbí ó ṣubú lé e?"

"Mà, ẹ bi í tí ẹ bá dé."

"Ẹsẹ̀ méjì ò lè gbé ìkòkò. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò Bàbá lé gáàsì o." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ gbé irin Bàbá wá. Ẹ gbẹ́lẹ̀ fún un díẹ̀, kí ẹ gbé e nàró sí àyè èyí tó fọ́. Ìrántí tiẹ̀ ni, kó bá wa gbé ìkòkò ara rẹ̀."

"Ó dáa, Mà."

"Òjò rọ̀ lánàá. Ṣé o bo èèpo àgbọn?"

"Mà, ẹ jẹ́ n lọ wo pẹ́pẹ́yẹ."

"Pẹ́pẹ́yẹ tó ti kú?"

Lụa ti pa fóònù. Màmá Thắm bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi irú ìyàwó tí wọ́n ń fẹ́ láyé ìsinsìnyí, mo sì ń dáhùn "hẹn, Mà" títí a fi dé. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú ohun tó sọ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, òrìṣà mẹ́ta, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, ló ń gbé inú ẹsẹ̀ mẹ́ta ààrò, àwọn ló ń kó ìròyìn ilé lọ sọ́run. Oúnjẹ ojoojúmọ́ lè wà lórí gáàsì, àmọ́ oúnjẹ òkú, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni.

Àwọn àlejò márùn-ún bá Khôi wọ inú ihò. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá arúgbó gíga kan láti ilẹ̀ Ireland tí wọ́n ń pè ní Breda, ti ń ráhùn láti àárọ̀ pé mò ń sáré jù. Màmá Thắm ní òun ò ní wọ ihò kankan, pé ilẹ̀ máa gba òun tí àkókò bá tó. Ó gba ẹ̀gẹ́ síse àti ẹ̀pà gígún tí wọ́n ń fún àlejò jẹ níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ lábẹ́ igi. Mo lọ fọ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo bá a níwájú àtíbàbà kan tí wọ́n to ọta àgbá àti àdó olóró sí, tí wọ́n fi okùn yí i ká. Ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

"Sanh, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Ọta àgbá ni, Mà. Irú èyí tí wọ́n ń yìn láti inú ọkọ̀ ogun ojú omi."

"Kí ló dé tí ihò fi wà lórí rẹ̀?"

"Wọ́n ti tú inú rẹ̀ dà nù ni. Tí wọn ò bá tú u, ta ló máa gbé e sáàárín èèyàn?"

"Tí kò bá wá níhò lórí ńkọ́?"

Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá wo irin náà dáadáa. Ikùn sísanra yẹn ni. Ìgbànú bàbà wà nídìí rẹ̀. Gbogbo àgbọn tí mo ti là ló wá sí mi lọ́kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tiwa ò níhò," Màmá Thắm wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Orí rẹ̀ dí pa." Ó yíjú sí mi. "Sanh, mo ní kí wọ́n dáná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó pe Lụa, Lụa ò gbé e. Ó pe Đực. Ó pe Nhàn, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ilé wọn kò jìnnà síra, kò gbé e. Mo gba fóònù náà, mo tún wọn pè. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Đực ti háyà ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Lójú tiwa ní ẹ̀bá odò, ìrántí tí aládùúgbò ò gbọ́ orin rẹ̀ kì í ṣe ìrántí. Wọ́n ti fi fóònù sínú ilé, gbogbo wọn wà ní àgbàlá nídìí ààrò, àwọn ọmọ Nhàn àti ọmọ aládùúgbò á ti jókòó yí ìkòkò ká, wọ́n ń dúró de ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Wọn ò lè gbọ́ tí ọ̀run bá ya.

Khôi jáde láti inú ihò, eruku bo orí rẹ̀, àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ ọ́ fún un. Ó káwọ́ lérí.

"Bọ̀dá Sanh, wọn ò tíì jẹun ọ̀sán o. Wọn ò tíì wo fíìmù. Ọ̀gá máa lé wa dànù."

"Sọ ọ́ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Sọ ọ́ bó ṣe rí, kí o yéé wo ojú mi."

Ó sọ ọ́ fún wọn. Mi ò gbọ́ èdè wọn, mo kàn ń wo bí ẹ̀rín ṣe ń kúrò lójú wọn. Breda sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó di Màmá Thắm lápá mú, ó ń mú un lọ sínú ọkọ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí o wakọ̀ bí o ṣe ń wà á láàárọ̀," Khôi wí, "èyí tó torí rẹ̀ bú ẹ."

Mi ò fẹ́ rántí ìrìn yẹn. Ọ̀nà jìn láti Củ Chi dé etí omi, a gbọ́dọ̀ tún kọjá lára Sài Gòn, lọ́sàn-án gangan. Khôi pe ọlọ́pàá erékùṣù náà. Wọ́n ní àwọn máa ránṣẹ́ sí àwọn sójà tó ń tú bọ́ǹbù, àwọn fúnra àwọn náà máa bọ̀, ṣùgbọ́n omi ti fà, ọkọ̀ àwọn ò lè wọ odò kékeré àfi tí omi bá kún padà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irin náà.

"Ẹ sọ fún àwọn tó wà nídìí rẹ̀," Màmá Thắm dá a lóhùn. Ó gbé fóònù sórí itan, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ bá mi dì í mú. Ẹ bá mi dì í mú, Bàbá." Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù kan wà láàárín títì níwájú mi. Mi ò bú u.

Bí a ti kọjá ìlú Tân An, ẹnì kan gbé fóònù. Đực ni. Orin bú jáde nínú fóònù náà débi pé gbogbo wa nínú ọkọ̀ ló gbọ́ ọ.

"Đực, pa iná! Pa iná ààrò!"

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Đực ń pariwo, ọtí ti wà lójú rẹ̀. "A ti gbé ìkòkò kaná o! Ẹ tètè máa bọ̀! Èmi ló kàn láti kọrin!"

Ó pa fóònù. A tún un pè, kò gbé e mọ́. Màmá Thắm fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún un. Breda wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na apá kọjá orí àga, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí a fi dé etí omi.

Khôi dúró ti àwọn àlejò ní èbúté. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èmi àti Màmá sọdá odò ńlá. Bí wọ́n ṣe sọ ló rí: omi ti fà, ẹrẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu odò kékeré. A bọ́ sílẹ̀. Ẹrẹ̀ mu mí dé orúnkún, ó mu òun dé itan, ó sì ń yára jù mí lọ. Èéfín ń yọ lókè àwọn ọ̀pẹ etí omi, ó pọ̀, ó dúdú. Mo gbọ́ Đực tó ń kọrin ìfẹ́, ohùn rẹ̀ ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Orin burúkú yẹn ò dùn mọ́ mi rí àfi lọ́jọ́ náà, torí tó bá ṣì ń kọrin, ó ṣì wà láàyè.

A gun etí odò. Ààrò nìyẹn láàárín àgbàlá, ìkòkò irin ńlá lórí rẹ̀. Òkúta méjì, irin Bàbá sì ni ẹ̀kẹta. Lụa ti fọ̀ ọ́ nítorí ìrántí, ìgbànú bàbà rẹ̀ ń dán. Àwọn ọmọ jókòó yí i ká, wọ́n ń fi ọwọ́ lé èéfín. Lụa kúnlẹ̀, ó ń fẹnu fẹ́ iná, omi ojú bo ojú rẹ̀. Èèpo àgbọn tó tutù rin ni wọ́n kó síbẹ̀. Láti ọ̀sán ló ti ń fẹ́ ẹ, kò jó, èéfín lásán ló ń rú.

Ó gbójú sókè, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ èèpo ló gbé e dé.

"Mà, ẹ má bínú, ó ti ń mú báyìí. Ẹ wò ó."

Lóòótọ́, ahọ́n iná kan yọ láàárín èéfín, ó lá ara irin náà.

Màmá Thắm ò pariwo. "Lụa, dìde. Kó àwọn ọmọ, ẹ kọjá afárá, ẹ lọ sílé Nhàn. Ẹ má sáré, ẹ má kọ lu nǹkan kan."

"Mà, kí ló —"

"Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ẹ́."

Kò bẹ̀ ẹ́ rí láyé. Ẹ̀rù ba Lụa, ó kó àwọn ọmọ. Đực rọ̀ mọ́ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orin mi ò tíì parí."

"Đực, bọ́ǹbù ni irin Bàbá."

Gbohùngbohùn bọ́ lọ́wọ́ Đực, ó balẹ̀, ẹ̀rọ náà han gooro débi pé mo rò pé ó ti parí fún gbogbo wa. Ọtí dá lójú Đực lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí afárá. Màmá na ọwọ́ sí mi.

"Dúró sẹ́yìn àmù omi yẹn, Sanh. Tí o bá bá mi lọ, ta ló máa gbé àwọn àlejò padà?"

Mo dúró síbẹ̀. Ó dojúbolẹ̀, ó fi ikùn wọ́ dé ìdí ààrò. Kò jẹ́ da omi sí i, ẹ̀rù ń bà á pé irin gbígbóná lè bínú sí omi tútù. Kò lè gbé ìkòkò náà sọ̀ nítorí irin náà wà lára ohun tó gbé e ró. Ó na ọwọ́ lásán, ó ń fa èèpo náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń jó ṣáájú, ó ń tì wọ́n sínú ẹrẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe ṣìì. Èéfín bo orí rẹ̀. Ìkòkò náà fì díẹ̀, ọbẹ̀ dà sílẹ̀ létí rẹ̀, ó wá dúró gbọnin-gbọnin.

"Bàbá, ẹ rọra," ó ń bá a sọ̀rọ̀. "Èmi ni o. Thắm ni."

Ó fa èyí tó kẹ́yìn jáde. Ó wọ́ padà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n, ìka rẹ̀ ti bó. Mo fà á dìde, a jọ kọjá afárá.

Àwọn sójà dé nígbà tí omi kún. Ọ̀gá wọn lọ wo irin náà, ó sì tún padà wá sọ pé kí a túbọ̀ sún sẹ́yìn, ìgbà yẹn ni mo rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n gbé e sínú àpótí tó kún fún iyanrìn, wọ́n rọra gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n bá omi lọ. Kó tó lọ, ọ̀gá náà bi wá léèrè.

"Inú rẹ̀ ṣì kún bámúbámú. Ta ló ń dán ìgbànú rẹ̀?"

Màmá Thắm na ọwọ́ sókè, èyí tí wọ́n fi aṣọ dì.

Lụa ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún. "Mà, ẹ̀bi mi ni. Mi ò bo èèpo náà. Mo gbàgbé."

Màmá ní kó dìde. "Má bò ó mọ́," ó wí.

Khôi kó àwọn àlejò dé. Orí gáàsì ni wọ́n ti parí ẹ̀kọ ìrẹsì àti pẹ́pẹ́yẹ Bàbá, gbogbo wa sì jẹ ẹ́. Breda jókòó ti Màmá, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ nítorí ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọrin.

Ọwọ́ náà jinná, Màmá Thắm padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo bá wọn wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, torí mo fẹ́ fojú mi rí bó ṣe ń di àjẹ̀ mú. Àwọn àlejò jókòó tán, ó ti àjẹ̀ bọ omi. Khôi ti la ẹnu láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, àmọ́ Màmá ò sọ ọ́. A wọ abẹ́ àwọn ọ̀pẹ etí omi, omi kò jìn níbẹ̀, àjẹ̀ náà kan nǹkan líle kan nínú ẹrẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń tukọ̀ ni àjẹ̀ rẹ̀ ti ń kan nǹkan nínú odò yẹn. Ó yọ àjẹ̀ sókè, ó gbé e lé itan, ó jẹ́ kí omi máa gbé wa lọ. Àwọn àlejò rò pé ó ní kí àwọn ya fọ́tò ni, wọ́n ń yà á.

"Khôi," ó wí, "kí lo rò pé ó wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Gbòǹgbò igi ni, Mà."

"Bàbá mi náà mọ̀ ọ́n dájú bẹ́ẹ̀," ó wí, kò sì ti àjẹ̀ bọ omi mọ́ títí a fi kọjá ibẹ̀.